Ọ̀nà Tí A Fi Dídákẹ́ Tì

                                        Ojúlé Kẹrin,
                                        Àdúgbò Òkè-Odò,
                                        Ìkọ̀lé-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Ògún, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Bólúwatifẹ́,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti di bírò mú gbẹ̀yìn, àwọn lẹ́tà náà sì ń ṣubú lu ara wọn bí ewúrẹ́ tó ń du ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ pàápàá kì í tètè wá sí mi lẹ́nu, ẹ̀yin náà mọ̀ mí, ká má tíì sọ pé kó wá sórí ìwé. Ẹ máa fi sùúrù kà á. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé mo pa rẹ́, ẹ fò ó, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Oko kòkó ńkọ́, ṣé òjò ọdún yìí kò tíì mú un rà? Bólúwatifẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń fi ìdí wọ́? Màmá wa ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àdí tí wọ́n dì fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó kò tíì tán, òun ni mò ń fi pa ẹsẹ̀. Èmi náà wà lálàáfíà. Ọkọ mi ń tọ́jú mi, wọn kì í bú mi nílé yìí, oúnjẹ sì ń wọlé. Bí ẹ bá rí mi, ẹ ó ní mo ti sanra. Ohun tí ẹ fẹ́ bèèrè yẹn kò tíì sí, ẹ ṣáà máa bá mi gbàdúrà.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò pè lórí fóònù. Ilé kún, ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù mi yìí sì jẹ́ aláriwo, kí n tó ní kí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ rọra, gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ kò ṣe é sọ sétí ẹnikẹ́ni níbí. Sunday tó ń wa takisí láti Ìkọ̀lé sí Ìfàkì ló máa bá mi mú ìwé yìí wá, ó ní òun mọ ilé yín ní Igbólé.

Mo ti ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ọkọ mi ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí yunifásítì tí mo fi hàn yín lókèèrè nígbà tí ẹ wá wò mí, Yunifásítì Òkè-Ìmọ̀. Kì í ṣe ti ìjọba o, ti aládàáni ni, èyí tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn àdúgbò wa. Ilẹ̀ àwọn ìdílé tó wà níbí ni wọ́n kọ́ ọ sí. Nígbà tí wọ́n ń gba ilẹ̀, àwọn àgbà bá wọn ṣe àdéhùn pé ọmọ onílẹ̀ kan gbọ́dọ̀ máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ alákòóso wọn, kí ọ̀rọ̀ àdúgbò má baà ṣubú sílẹ̀. Bàbá ni wọ́n fi síbẹ̀. Àwọn tó kù, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, lọ́yà ni wọ́n, àwọn tó ń ti Èkó àti Àbújá wọkọ̀ wá. Bàbá nìkan ló ń ti oko kòkó bọ̀.

Ìgbìmọ̀ yìí kì í sábà jókòó. Nítorí náà wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe àwọn nǹkan kéékèèké. Ká kun ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dà, ká ra epo jẹnẹrétọ̀, ká fún olùkọ́ kan láyè kó lọ kàwé sí i, wọn kì í dúró de ìpàdé fún irú ìyẹn. Alága á fọwọ́ sí i, Rẹ́jísírà á wá fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wọn pé ohun tí a fẹ́ ṣe rèé, ẹni tí kò bá fẹ́ kó sọ kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ẹni tó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Bí ìpàdé bá wá dé, wọ́n á kàn dárúkọ rẹ̀ pé a ti ṣe é. Èmi ò mọ èyí nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n.

Ojú Bàbá ti ń ṣú. Wọ́n ṣì ń dá ènìyàn mọ̀, wọ́n sì ń rí ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló máa ń ka fóònù fún wọn. N kò lè kọ orúkọ rẹ̀, ó ti wà nílé kí n tó dé, Adúmáradán ni mò ń pè é. Nígbà tí ìjọba rán Adúmáradán lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìhà Òkè Ọya, Bàbá pè mí síwájú gbogbo ilé, wọ́n gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ìwọ ni ojú mi báyìí."

Ẹ rántí ọjọ́ ìdána wa. Ẹ rántí bí alága ìjókòó wa ṣe ń pọ́n mi lé pé ọmọ àwọn yìí mọ Yorùbá kà, ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà bí ẹni ń mu omi. Àwọn ìdílé ọkọ mi pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo wà tí Màmá fi dùbúlẹ̀ àìsàn, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Èmi wà lábẹ́ ìbòjú níjọ́ yẹn, n kò wí nǹkan kan. Ṣé ìyàwó á máa já alága nírọ́ ni? Bàbá wá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ fún ẹni tó bá wá sílé pé, "Ìyàwó wa yìí, ìwé wà lórí ẹ̀."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń lọ dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó háyà yàrá iwájú, Gift, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan, òun ni mò ń gbé fóònù lọ bá ní kọ̀rọ̀. Á kà á, á fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn sọ ọ́ fún mi, èmi á wá lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, n ó sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo kà á. Ohun kan náà ni ní gbogbo ìgbà, ọ̀dà, epo, ìsinmi olùkọ́. Bàbá á mi orí, wọ́n á ní, "Ẹ̀n, kí wọ́n máa bá a lọ." Nígbà tó yá, mi ò bi Gift mọ́. Bí n bá ti rí i pé ìwé náà gùn, tí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ ọ̀dà níbẹ̀, mo ti mọ ohun tí n ó sọ.

Nínú oṣù Òkúdù, Gift ti lọ sílé fún ìsinmi. Mò ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Bàbá dún. Mo nu ọwọ́, mo wò ó. Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí ọ̀dà, mo rí epo, mo sì rí géètì. Ọkàn mi sọ fún mi pé, Morádéyọ̀, bèèrè. Ta ni n ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkọ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́. Bí mo bá sì dúró dè é, òun náà á mọ̀ pé ìwé tí wọ́n ní ó wà lórí mi kò débẹ̀. Bàbá ti ń wò mí lójú.

"Kí ni wọ́n wí, ojú mi?"

"Ti àtẹ̀yìnwá náà ni, sà. Ọ̀dà àti epo."

"Ọ̀dà náà tún ni? Àwọn yìí á fi ọ̀dà wẹ̀ láìpẹ́."

A jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo padà sídìí odó.

Géètì tí mo rí yẹn, géètì kékeré ẹ̀yìn yunifásítì ni. Kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀ rárá, ọ̀nà tí àwọn ìyá àdúgbò wa ń gbà lọ sí oko ẹ̀gẹ́ àti odò Ẹ̀rìn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n mọ ògiri yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n fi géètì kékeré sílẹ̀ fún wọn. Ìwé tó wá sórí fóònù yẹn ló ní kí wọ́n tì í pa nítorí ààbò. Gift ti dé báyìí, ó ti kà á fún mi bó ṣe wà. Àárín ọ̀dà àti epo ni wọ́n fi í sí, bí ẹni fi òkúta sáàárín ẹ̀wà.

Bí àwọn ìyá ṣe lọ sóko ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn, ṣéènì ló pàdé wọn. Ọlọ́dẹ ní kí wọ́n padà, ìgbìmọ̀ ló pàṣẹ. Ojú títì ńlá ni wọ́n ń gbà yípo báyìí, níbi tí tipa àti ọ̀kadà ti ń sáré. Ìyá Kàbírù ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ níjọ́ kan, tipa kan fun fèrè lẹ́yìn wọn, wọ́n yà bàrá, wọ́n ṣubú sí gọ́tà pẹ̀lú ẹrù. Ọwọ́ ọ̀tún wọn dá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to egungun ni wọ́n wà títí di ìsinsìnyí. Mo gbé ọbẹ̀ lọ kí wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á fún mi lọ́mọ. N kò lè wo ojú wọn.

Àwọn ìyá náà wá sílé wa. Wọn kò pariwo. Ìyá Adérẹ̀mí, olórí àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ, ló ṣáájú wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Bàbá, ẹ kú ulé o."

"Ẹ káàbọ̀. Kí ló gbé yín dé lọ́jọ́ ọjà?"

"Ọjà wo, Bàbá? Ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí ṣì wà lóko. Wọ́n ti fi ṣéènì so ọ̀nà rẹ̀."

"Ta ló so ó?"

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Adérẹ̀mí ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ní gbogbo ìgbìmọ̀ ló gbà, kò sí ẹni tó kọ̀. Àwa wá ń bi ara wa pé, ṣé Bàbá wa kò sí níbẹ̀ ni? Àbí àga ibẹ̀ ti rọ̀ jù, ó ti gbé Bàbá sùn?"

"Èmi ò gbọ́ ohun tó jọ géètì."

Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ ò lè gbọ́ ọ kẹ̀. Wọ́n ní ẹran ibẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń họ eegun, etí ẹ̀ máa ń di."

Àwọn tó kù ní kó dákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ìborùn bo ẹ̀rín. Bàbá kò bínú. Wọ́n yíjú sí ibi tí mo dúró sí pẹ̀lú omi tí mo bù fún àwọn àlejò. Wọ́n ní, "Ojú mi, ǹjẹ́ wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ nípa géètì?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní, "N kò rántí, sà." Bàbá ní kò burú, wọ́n sọ fún àwọn ìyá pé bí ìpàdé bá dé, àwọn á lọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fúnra wọn. Àwọn ìyá dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jáde, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé ẹnu tó ti jẹun níbẹ̀ ni wọ́n ní á lọ sọ̀rọ̀.

Ìpàdé náà bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni mo di ọwọ́ Bàbá mú lọ. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri, níbi tí àwọn tó ń gbé tíì wà. Yàrá náà tutù bí ẹni pé ọyẹ́ ń fẹ́. Mo ti ń rò pé àwọn ènìyàn líle ni n ó bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń béèrè ojú Bàbá, Màmá Rẹ́jísírà fúnra wọn ló fa àga fún Bàbá. Alága wọn ni Olóyè Adégbóyè, àgbàlagbà kan tó ti Àbújá wá.

Nígbà tí wọ́n dé orí àwọn nǹkan kéékèèké yẹn, Màmá Rẹ́jísírà kò kà á tán. Wọ́n kàn ní, èyí tí a ti fọwọ́ sí láti ìpàdé tó kọjá ló wà níwájú yín yìí. Alága ní, ta ló dá a lábàá pé ká gbà á? Ẹnì kan na ọwọ́. Ta ló kín in lẹ́yìn? Ẹlòmíràn na ọwọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó parí nìyẹn. Tíì tí wọ́n gbé síwájú wọn ṣì ń rú èéfín. Mo ní nínú ara mi pé, ṣé bí wọ́n ṣe dá ọwọ́ Ìyá Kàbírù nìyí? Nítorí kò sí ẹni tó bínú sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá na ọwọ́ tiwọn.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ti géètì ẹ̀yìn yẹn, èmi ò gbà á."

Alága ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìyẹn ti kọjá. A fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ dákẹ́."

"Ṣé ẹni tó dákẹ́ ló gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Màmá Rẹ́jísírà ló dáhùn. "Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké."

Bàbá ní, "Ní ààfin wa, bí àgbà bá dákẹ́, wọ́n á dá ọ̀rọ̀ dúró ni. Wọ́n á ní inú bàbá yìí ò dùn sí i, ẹ jẹ́ ká bi í. Ẹ̀yin wá sọ dídákẹ́ di bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Alága pàápàá ní, "Bàbá, bí a bá ní ká máa ṣe ti ààfin níbí, a ò ní lè ra gílóòbù kan láàárín ọdún."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Màmá Rẹ́jísírà ní ọ̀nà kan ṣì wà. Bí iṣẹ́ tí àwọn rán kò bá dé etí Bàbá bó ṣe wà, a jẹ́ pé Bàbá kò dákẹ́ nìyẹn, wọn kò mọ̀ ni, wọ́n á sì gbé ọ̀rọ̀ géètì padà wá kí gbogbo wọn tún un yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ tí wọ́n gbàgbé, ó ti di ìpinnu, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n wo fóònù wọn, wọ́n ní iṣẹ́ náà dé sórí fóònù Bàbá, ẹnì kan sì ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ta ló ń kà á fún yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá kò yíjú wo ẹ̀yìn. Mo rí ọrùn wọn, kò mì. Wọ́n mọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan ṣí i lọ́jọ́ náà ni wọ́n ti mọ̀, nítorí kò sí ọwọ́ mìíràn tó ń ṣí i. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ní ẹnu, mo ní ahọ́n, ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, wọn ì bá gbé ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn padà wá kí a tó délé.

Bàbá ní, "Èmi ni mo gbàgbé. Ìgbàgbé àgbà ni. Ẹ má bínú."

Alága ní kò burú, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nígbà tí a ń jáde, Màmá Rẹ́jísírà tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Bàbá, n kò tíì parí àkọsílẹ̀ ìpàdé yìí. Bí ẹ bá rántí nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún mi kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí." Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi àga náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú ìdílé, kí Màmá Rẹ́jísírà wá gba orúkọ ẹni náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà.

Lójú ọ̀nà, Bàbá ní kí ọlọ́kọ̀ dúró. Wọ́n ra àgbàdo sísun méjì. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ méjèèjì wò, wọ́n fún mi ní èyí tó tóbi jù. Wọ́n ní, "Jẹ ẹ́ kó tó tutù." Mo jẹ ẹ́. Kí ni n bá ṣe? Mò ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń dúpẹ́ pé Bàbá kò ríran dáadáa, ojú sì tún tì mí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mò ń dúpẹ́ lé lórí.

Láti ìgbà náà, ìwà wọn sí mi kò yí padà. Ojú mi ni wọ́n ṣì ń pè mí. Lánàá, fóònù dún, wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti nà mí lẹ́gba, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Omi tí mo dà síwájú, Bàbá ló ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tún ń yà kí ó má baà ta sí mi lára.

Ohun tó ń lọ ní àdúgbò nìyí. Àwọn ènìyàn ń sọ pé Bàbá ti jẹun lórí ọ̀nà àwọn ìyá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí Bàbá ń dìde lọ sẹ́yìn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Géètì ń lọ." Ọkọ mi ti bá ènìyàn jà ní Ọ̀yẹ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù yíya. Ó ní òun mọ bàbá òun, bàbá òun kì í gbàgbé nǹkan, ó ní wọ́n máa ń rántí orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọn ṣán oko rí. Èmi ni mo rán ẹ̀wù náà. N kò wí nǹkan kan. Dídákẹ́ ti wá di iṣẹ́ mi nílé yìí, gbogbo wọn sì ń kà á sí ìwà pẹ̀lẹ́.

Òní ni ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Bàbá dá. Àwọn olórí ìdílé onílẹ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, àwọn ìyá ìdí ẹ̀rọ náà ń bọ̀, Màmá Rẹ́jísírà náà ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí, ìbátan Bàbá, ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò wọn. Bàbá fẹ́ dìde níwájú gbogbo wọn, kí wọ́n sọ pé ìgbàgbé ti dé sí àwọn, kí wọ́n gba àga náà lọ́wọ́ àwọn. Orúkọ tí wọ́n á fi sin Bàbá nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó gbàgbé ọ̀nà àwọn ìyá. Géètì yẹn á sì wà ní títì títí di ọdún tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sí yín pé kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Mo fẹ́ bèèrè pé, bí mo bá sọ ọ́, ṣé ọkọ mi á ṣì fẹ́ mi? Ṣé wọn ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n fi fẹ́ mi, pé ìwé tí alága wa ní ó wà lórí mi kò sí níbẹ̀? Ìyàwó tuntun ni mí, kò tíì sí ọmọ tó ń sunkún nínú yàrá mi tí wọ́n á fi rójú dá mi dúró. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ìdáhùn yín kò lè dé kí wọ́n tó jókòó. Sunday kò ní kúrò ní gáréèjì títí di ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí n ti kí gbogbo yín báyìí, nítorí n kò mọ ìgbà tí wọ́n á pè mí. Ẹ bá mi kí ọkọ yín dáadáa. Ẹ bá mi fẹnu ko Bólúwatifẹ́ lẹ́nu. Ẹ kí Màmá wa, ṣùgbọ́n ẹ má ka ìwé yìí fún wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru. Ẹ kí Victoria tí a jọ ń kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin, ẹ sọ fún un pé mo ti rí ṣọ́ọ̀ṣì wa kan níbí. Bí ẹ bá gbọ́ pé mo ti ń bọ̀ nílé, ẹ má bínú sí mi, ẹ bá mi tẹ́ ẹní sí igun yàrá yín. Bí ẹ kò bá sì gbọ́, ẹ bá mi yọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wá ojú rere yín,
Morádéyọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fọwọ́ sí i tán, ṣùgbọ́n mo tún padà síbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti ń dé. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Adérẹ̀mí níta, wọ́n ń bèèrè bóyá Bàbá ti rántí bí a ṣe ń jókòó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mọ́tò Màmá Rẹ́jísírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró.

Èmi ni mo máa gbé omi lọ fún wọn. Mo ti rò ó. Tí mo bá ti kúnlẹ̀ gbé omi kalẹ̀, n kò ní dìde. Bí mo bá dìde, ẹsẹ̀ mi á gbé mi wọ ilé ìdáná. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni n ó wà, n ó kọ́kọ́ yíjú sí ọkọ mi, kó má jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ló ti máa gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé àyà mi ti fúyẹ́ díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ọkọ mi ń pè mí. Ó ní Bàbá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀, kí n tètè gbé omi wá. Mò ń bọ̀, mo ti dá a lóhùn. Báyìí ni n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dára. N ó ní, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá dìde, Bàbá kò gbàgbé nǹkan kan, èmi ni mo